Ṣé O Mọ̀? Ọ̀bẹ Àpò Tí Òbí Fi Sílẹ̀

Ṣé o mọ̀ pé irin ni ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ fi ń búra nílé ẹjọ́ nílẹ̀ Yorùbá? Bí Kristẹni ti ń di Bíbélì mú, tí Mùsùlùmí ń di Kùránì mú, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ Ògún ń fi ẹnu kan irin. Nítorí náà, ní Igbóṣeré níbí, l'Érékùṣù Èkó, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré irin. Bí bàbá tàbí ìyá rẹ bá fi ọ̀bẹ àpò sílẹ̀ fún ọ, èyí tó ń ká wọnú èèkù, má sọ ọ́ sí ààtàn nítorí pé ó dípẹtà.

Ṣé o mọ̀ pé irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ ti wà kí wọ́n tó bí Jésù? Wọ́n hú ọ̀kan tó ní èèkù eegun ní Hallstatt, lórílẹ̀-èdè Austria. Ó ti tó nǹkan bí 2,500 ọdún. Ní nǹkan bí ìgbà yẹn náà ni àwọn ará Nok ń yọ́ irin ní Taruga, nítòsí Àbújá òde òní.

Ṣé o mọ̀ pé orúkọ ìyá ló wà lára ọ̀bẹ àpò tó lókìkí jù láyé? Nígbà tí ìyá Karl Elsener, ará Switzerland tó ń ṣe ọ̀bẹ, kú ní 1909, ọmọ náà fi orúkọ ìyá rẹ̀, Victoria, pe ọjà tirẹ̀. Ní 1921, irin tí kì í dípẹtà, tí wọ́n ń pè ní inox, dé, orúkọ náà sì di Victorinox.

Ṣé o mọ̀ pé afẹ́fẹ́ Èkó kì í jẹ́ kí irin sinmi? Iyọ̀ òkun àti ọ̀rinrin ọ̀sà ló ń mú un dípẹtà kíákíá. Àpò awọ pàápàá ń fa omi mọ́ra. Nu ọ̀bẹ náà gbẹ, kí o fi epo àgbọn díẹ̀ pa á lára.

Ṣé o mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo àbàwọ́n ló yẹ ká bó kúrò? Ìpẹtà pupa ń jẹ irin wọnú. Fi kẹrosíìnì rẹ ẹ́ mọ́jú, kí o fi aṣọ nu ún. Ṣùgbọ́n dúdú tí ọsàn àti àlùbọ́sà ti kùn sára irin àtijọ́ ń dáàbò bò ó. Fi í sílẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀rọ ìpọ́nbẹ lè ba ọ̀bẹ jẹ́? Bí ojú ọ̀bẹ bá gbóná títí tó fi yọ àwọ̀ aró, ooru rẹ̀ ti tó nǹkan bí 300 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Líle tí alágbẹ̀dẹ fi iná àti omi fún un ti lọ nìyẹn: o lè pọ́n ọn lónìí, yóò kú lọ́la. Òkúta ìpọ́nbẹ àti omi ló yẹ ẹ́. Dẹ ọ̀bẹ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀ lórí òkúta, fà á pẹ̀lú sùúrù. Nígbà tí ìka rẹ bá kan etí irin tín-ín-rín tó yọ sí òdìkejì, yí i padà.

Ṣé o mọ̀ pé òòlù kékeré tó láti mú ọ̀bẹ tó ń mì dúró? Ìṣó àárín rẹ̀ ló ti jẹ. Kán epo sí i, gbé e lé irin pẹlẹbẹ, kan orí ìṣó náà fẹ́ẹ́rẹ́, ṣí i wò. Bí o bá lù ú jù, kò ní ṣí mọ́.

Èèkù tó là ńkọ́? Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Wá káfíńtà tó ní àjẹkù igi apá tàbí ìrókò. Oníṣẹ́ ọwọ́ kò ṣàjèjì ládùúgbò Igbóṣeré: Pópó Àgùdà, àdúgbò àwọn tó ti Brazil padà wá, wà nítòsí, ọmọ Àgùdà kan, João Baptista da Costa, ló sì kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894.

Ohun kan wà tí àtúnṣe kò lè dá padà: irin tí òkúta ti jẹ lọ. Wo ọ̀bẹ tí wọ́n ti pọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún: ìdí rẹ̀ fẹ̀, àárín rẹ̀ ti rù. Gbogbo ìgbà tí òbí rẹ pọ́n ọn ló hàn níbẹ̀. Nítorí náà, má ṣe gbìyànjú láti sọ ọ́ di tuntun. Pọ́n ọn níwọ̀nba, kí ọmọ tìrẹ náà lè rí irin pọ́n.