Bí Ẹyin Ṣe Ń Bàjẹ́ Kí Ó Tó Dé Ọjà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹyin ní í di àkùkọ. Òótọ́ ni; ṣùgbọ́n ẹyin tí a fi sínú ooru a máa di àdánù kí ẹni tí ó ni í tó mọ̀. Bí ẹyin bá gbéra ní Ìbàdàn tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí ọjà Nyanya, ní ẹ̀bá Àbújá, ọ̀nà jìn, ooru sì pọ̀. Bí oníbàárà bá fọ́ ọ tí ó ń rùn, àgbẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ yóò bàjẹ́.

Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹyin? Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ihò tíntìntín ni ó wà lára èèpo rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni omi inú rẹ̀ ti ń dínkù, tí afẹ́fẹ́ sì ń wọlé rọ́pò rẹ̀. Ìdí nìyí tí àyè afẹ́fẹ́ tí ó wà níhà ìdí ẹyin fi ń gbòòrò lójoojúmọ́. Kábọ́ọ̀nù dáyọ́ọ̀sáìdì pẹ̀lú ń jáde, funfun ẹyin tí ó ki a sì máa ṣàn bí omi. Awọ tí ó di pupa ẹyin mú yóò dẹ̀, pupa náà yóò sì tẹ́ pẹrẹsẹ nínú àwo.

Títí dé ìhín, ẹyin náà pẹ́ ni, kò tíì jẹrà. Ìgbà tí kòkòrò àìfojúrí bá ráyè wọlé ni ó ń jẹrà; afẹ́fẹ́ háídírójìn sọ́fáìdì ni ó ń mú òórùn burúkú náà wá.

Ẹ mú ẹyin mélòó kan nínú èyí tí ẹ kó jọ, kí ẹ fi wọ́n sínú omi. Tuntun yóò dùbúlẹ̀ nísàlẹ̀. Èyí tí ó ti pẹ́ díẹ̀ yóò nàró. Èyí tí ó bá léfòó ti pẹ́ púpọ̀, ẹ má ṣe tà á. Ẹ má ṣe dá èyí tí ẹ ti fi sínú omi padà sáàárín èyí tí ẹ fẹ́ tà.

Ìmọ̀ràn wa nìyí: ẹ máa kó ẹyin ní ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ẹ má ṣe fi omi tútù fọ̀ ọ́, nítorí yóò bó ohun tí Ọlọ́run fi bo àwọn ihò náà, yóò sì fa ìdọ̀tí wọlé; aṣọ gbígbẹ ni kí ẹ fi nù ún. Ẹ to orí ṣóńṣó sísàlẹ̀ nínú kéréètì, níbi tí ó tutù. Ẹ yọ èyí tí ó sán sọ́tọ̀, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ kó o sára kéréètì. Èyí tí ó bá kọ́kọ́ dé ni kí ó kọ́kọ́ lọ.