Bí àjẹsí adìẹ bá wú: ohun tí ẹ lè ṣe nílé, àti ohun tí kò yẹ kí ẹ dán wò

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹgbẹ́ olóko òwú ní Massè, Ikpinlè, Kpoulou àti gbogbo àyíká Adja-Ouèrè,

Ọ̀rọ̀ òwú ni ìwé yìí sábà máa ń sọ. Ọ̀rọ̀ adìẹ la fẹ́ sọ lọ́tẹ̀ yìí, torí pé adìẹ àti òwú kò jìnnà síra nínú agbo ilé wa. Owó òwú kì í tètè dé. Kí ó tó dé, adìẹ ni à ń mú lọ sọ́jà láti fi ra ìwé ọmọ tàbí oògùn ibà. Àwọn ìyá ilé ló sì sábà ń ni adìẹ wọ̀nyí, nítorí náà, ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ gba ìwé yìí ní ìpàdé, ẹ má ṣe ká a sápò. Ẹ kà á sí wọn létí.

Ẹ fọwọ́ kan ibi tí ọrùn adìẹ ti pàdé àyà rẹ̀, kí ẹ sún sápá ọ̀tún díẹ̀. Àpò tí ẹ bá níbẹ̀ ni àjẹsí. Ohun tí adìẹ bá ṣà jẹ, ibẹ̀ ló ń kọ́kọ́ dúró sí kí ó lè rọ̀, lẹ́yìn náà ni yóò máa wọ inú lọ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé iwe. Adìẹ kò ní eyín. Iwe ni ọlọ rẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ tó ń gbé mì sì ni ọmọ ọlọ. Bí ọlọ kò bá lọ̀ ọ́, oúnjẹ yóò tò sẹ́yìn, àjẹsí ni yóò sì kún.

Ní ìrọ̀lẹ́, àjẹsí tó kún kì í ṣe àrùn, adìẹ ti jẹun yó ni. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ tó ṣí wọn sílẹ̀, kí wọ́n tó ṣa ohunkóhun jẹ. Ní àkókò yẹn, ó yẹ kí àjẹsí ti ṣófo. Bí ó bá ṣì wú, nǹkan kan ń bẹ níbẹ̀.

Àjẹsí tó dì

Bí ẹ bá fọwọ́ kàn án tó le bí òkèlè ẹ̀bà tó ti sùn, àjẹsí ti dì nìyẹn. Koríko gbígbẹ gígùn ló sábà ń fà á, tàbí okùn ara àpò, tàbí ọ̀rá. Gàrí gbígbẹ tí omi kò tẹ̀ lé náà lè ṣe é, nítorí pé inú àjẹsí ni yóò ti wú. Òwú fúnra rẹ̀ wà lára àwọn arúfin. Nígbà tí ẹ bá kó òwú jọ sí yàrá tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ẹ ń retí ọkọ̀ tí yóò wá kó o, àwọn adìẹ a máa tú u kiri láti wá kòkòrò inú rẹ̀, wọn a sì máa gbé fọ́nrán rẹ̀ mì. Fọ́nrán òwú kì í tètè jẹrà. Yóò lọ́ mọ́ koríko, yóò sì di ẹnu ọ̀nà pa. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé lórí ilẹ̀ dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ni lẹ́sẹ̀ nígbà òjò, ẹ fi ọkàn sí èyí pẹ̀lú: òkúta wẹ́wẹ́ kò wọ́pọ̀ nínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà iwe adìẹ yín lè má ní ohun tí yóò fi lọ oúnjẹ. Yanrìn líle díẹ̀ nínú àwo kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé adìẹ kò ná yín ní nǹkan kan.

Èyí tó dì yìí ṣeé tọ́jú nílé bí ẹ bá tètè rí i. Ẹ fi àgò dé adìẹ náà sọ́tọ̀ lórí ilẹ̀ gbígbá tí kò sí koríko. Ẹ má ṣe fún un lóúnjẹ fún ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n kí omi mímọ́ má ṣe kúrò níwájú rẹ̀. Ẹ wá òróró ẹ̀pà tàbí òróró àgbọn, kí ó má ju ṣíbí kékeré kan lọ fún adìẹ tó dàgbà, kí ẹ máa kán an sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ ní ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì dúró kí ó gbé e mì kí ẹ tó tún kán òmíràn. Ìdí tí a fi ní kí ẹ ṣe sùúrù ni pé ihò tí adìẹ fi ń mí wà nílẹ̀ ẹnu rẹ̀, lẹ́yìn ahọ́n gan-an. Bí ẹ bá la ẹnu rẹ̀, ẹ ó rí i tó ń ṣí tó ń pa dé. Òróró tó bá gba ibẹ̀ wọlé yóò dé ẹ̀dọ̀fóró, adìẹ tí kò yẹ kó kú yóò sì kú mọ́ yín lọ́wọ́.

Lẹ́yìn nǹkan bí ìdajì wákàtí, ẹ máa fi ìka rọra tẹ àjẹsí náà, kí ẹ máa fọ́ ohun tó dì sínú rẹ̀ bí ẹni ń fọ́ kókó inú ògì. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó, lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́. Ẹ má ṣe tì í gòkè sí ọ̀nà ẹnu. Bó bá ti ń rọ̀ tó sì ń dín kù, ẹ fún un ní ẹ̀kọ tútù tí ẹ fi omi pò, díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ méjì, kí ẹ tó dá a padà sórí àgbàdo.

Bí ọjọ́ kejì bá pé tí kò sì yí padà, ó ku kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran tàbí kí ẹ pa á. Ní tiwa, bó bá dá yín lójú pé koríko tàbí òwú ló dì í, tí ojú rẹ̀ ṣì mọ́, tí ara rẹ̀ kò tíì rù, tí ẹ kò sì fún un ní oògùn kankan, pípa á jẹ kò burú. Ó sàn ju kí ebi pa á kú sínú àgò.

Àjẹsí tó kan

Òmíràn kì í le. Ó máa ń rọ̀ bí ọ̀rá omi, ẹnu adìẹ a sì máa rùn bí ògì tó ti kan kọjá. Èéhù ló ń hù nínú rẹ̀, nítorí oúnjẹ tó bàjẹ́, omi ìdọ̀tí, tàbí àwọn oògùn ẹ̀yà-ẹ̀yà tí à ń rà lọ́jà tí à ń fún adìẹ láìbéèrè. Ẹ má ṣe fún èyí ní òróró. Ẹ gba oúnjẹ kúrò níwájú rẹ̀ fún ọjọ́ kan, ẹ pààrọ̀ omi rẹ̀ léraléra, ẹ má ṣe fún un ní búrẹ́dì tàbí ohunkóhun tó ní ṣúgà, torí èéhù fẹ́ràn rẹ̀. Oògùn tó ń pa èéhù wà lọ́wọ́ dókítà ẹran. Oògùn tí à ń fi yí irúgbìn kí ó má baà hu èéhù kì í ṣe ìyẹn o, májèlé ni fún adìẹ.

Àwọn kan a máa di adìẹ lẹ́sẹ̀ kọ́ sókè, kí omi kíkan náà lè tú jáde lẹ́nu rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jáwọ́ nínú rẹ̀. Bí omi ṣe ń tú jáde ni ó tún ń wọ ihò èémí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Bí àjẹsí bá kàn so rọ̀ bí àpò òfìfo, tí adìẹ sì ń jẹun tó ń yé ẹyin, iṣan rẹ̀ ló ti dẹ̀. Kì í sábà padà sípò. Ẹ jẹ́ kó máa bá ayé rẹ̀ lọ.

Bó bá jẹ́ oògùn òwú ló jẹ

Ibí ni a fẹ́ kí ẹ dúró sí dáadáa. Adìẹ tó ṣa irúgbìn òwú tí a ti fi oògùn yí, tàbí tó mu omi nínú ìgò oògùn, kì í ṣe àìsàn àjẹsí ló ń ṣe é, bí àjẹsí rẹ̀ tilẹ̀ kún. Itọ́ yóò máa yọ lẹ́nu rẹ̀, yóò máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ara rẹ̀ yóò máa gbọ̀n, ó sì lè kú láàárín wákàtí díẹ̀.

A mọ ohun tí àwọn àgbà máa ń ṣe: wọn a fi abẹ́ la àjẹsí, wọn a fọ̀ ọ́, wọn a fi òwú ìránṣọ rán an padà. Nígbà mìíràn adìẹ a máa yè é, a kò sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹran náà ń jẹ ìrora gidi, egbò ibẹ̀ sì máa ń kẹ̀. Èyí tó tún burú jù ni pé ọwọ́ lásán la fi ń kó májèlé náà jáde, níwájú àwọn ọmọdé. Dókítà ẹran lè ṣí àjẹsí tó dì pẹ̀lú oògùn tí kì í jẹ́ kí ó dùn ún. Ẹ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún un.

Ẹ má ṣe jẹ ẹran adìẹ tí oògùn pa, ẹ má sì tà á. Síse kì í mú májèlé kúrò. Ẹ fi ọ̀rá bo ọwọ́, kí ẹ sin ín jìn níbi tó jìnnà sí kànga, kí ajá má baà hú u. Kì í ṣe pé a kàn fẹ́ dẹ́rù bà yín. Ní 1999, ní Borgou, lápá àríwá ilẹ̀ wa níbí, ó kéré tán ènìyàn 37 ni endosulfan, oògùn kòkòrò tí wọ́n ń fín sí òwú nígbà náà, pa láàárín sáà kan ṣoṣo. Oúnjẹ tí oògùn kàn wà lára ohun tó fa ikú náà. Ní 2011 ni àwọn orílẹ̀-èdè fi endosulfan sínú àdéhùn Stockholm kí wọ́n lè mú un kúrò láyé, ṣùgbọ́n àwọn oògùn tó wà lọ́wọ́ wa lónìí kì í ṣe omi mímu.

Nítorí náà, ẹ má ṣe gé ìgò oògùn ṣe àwo omi adìẹ, bó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó. Ẹ má ṣe fi oògùn òwú pa iná ara adìẹ. Ẹ gbé irúgbìn tó kù lẹ́yìn gbígbìn sókè àjà, kí ẹ sì ṣa èyí tó dà sílẹ̀. Hóró òwú tí kò tilẹ̀ ní oògùn kò dára fún adìẹ: ohun kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní gossypol, tí kì í bá adìẹ lára mu, tó sì ń sọ pupa ẹyin di aláwọ̀ ewé.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù. Bí adìẹ méjì mẹ́ta bá wú lájẹsí lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n ń yàgbẹ́ aláwọ̀ ewé, tí ọrùn wọn ń lọ́, lúkúlúkú ni kí ẹ fura sí, kò sí òróró tó lè wò ó. Abẹ́rẹ́ àjẹsára kí ó tó dé ni ààbò rẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ bá sì kú lójijì, ẹ má ṣe tú ìyẹ́ wọn, ẹ má ṣe là wọ́n, ẹ ránṣẹ́ sí dókítà ẹran lọ́jọ́ náà: ní oṣù Kejìlá 2007, àrùn ẹyẹ tó lè ran ènìyàn ti dé Adjarra, nítòsí Àjàṣẹ́, kò sì jìnnà sí wa.

Bí ẹ bá ń gbé adìẹ tí ẹ fura sí oògùn lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹ gbé ìgò tàbí àpò oògùn náà dání nínú ọ̀rá. Bó bá jẹ́ ọmọ ló fọwọ́ kan oògùn tàbí tó jẹ nínú ẹran náà, ilé ìwòsàn ni kí ẹ sáré gbé e lọ, kí ẹ mú ìgò náà dání bákan náà, nítorí orúkọ tí a kọ sára rẹ̀ ni wọn yóò fi mọ ìtọ́jú tó yẹ.