Ọkọ̀ tó ń han láàárọ̀: ohun tí fáànù bẹ́líìtì ń sọ kó tó já

Àwọn ará àdúgbò ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, awakọ̀ yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ dáhùn, ló bá ń han fííííì bí ìgbà tí wọ́n ń pa ẹlẹ́dẹ̀. Tó bá di ìṣẹ́jú kan sí méjì, ariwo náà á rọlẹ̀, onímọ́tò á sì gba ibi iṣẹ́ lọ. Dídákẹ́ tó ń dákẹ́ yẹn ló ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Wọ́n á ní kò sí nǹkan kan, títí di alẹ́ ọjọ́ tí bẹ́líìtì máa já mọ́ wọn lọ́wọ́ lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn.

Fáànù bẹ́líìtì lorúkọ tí àwọn mẹkáníìkì mọ̀ ọ́n sí. Láti ayé Peugeot 504 àti ọkọ̀ ìjàpá ni orúkọ náà ti wà, nígbà tó jẹ́ pé bẹ́líìtì yìí gan-an ló ń yí fáànù ẹ́ńjìnì. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota tó kún ìgboro báyìí, iná bátìrì ló ń yí fáànù, àmọ́ orúkọ ò yí padà. Iṣẹ́ bẹ́líìtì ni pé kó gba agbára lára púlì ńlá tó wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnì, kó fi yí alternator tó ń cháàjì bátìrì, kọ̀ǹpírésọ̀ AC, pọ́ǹpù tó ń mú kí steering fúyẹ́, àti nínú àwọn ọkọ̀ kan, water pump tó ń ti omi káàkiri inú ẹ́ńjìnì.

Kí ló dé tó fi jẹ́ àárọ̀ ló ń han jù? Iná tí ọkọ̀ fi jí, ara bátìrì ló ti jáde. Kété tí ẹ́ńjìnì bá ti gbà, alternator gbọ́dọ̀ dá iná yẹn padà, iṣẹ́ yẹn sì máa ń jẹ́ kó wúwo láti yí. Bí bẹ́líìtì bá ti dẹ̀, tàbí tí ojú rẹ̀ ti ń dán, kò ní lè di púlì mú dáadáa. Á máa yọ̀ lórí rẹ̀, rọ́bà á máa ha irin, ohun tí etí sì ń gbọ́ nìyẹn. Ìrì òru àti òjò tún máa ń dá kún un. Nígbà tí bátìrì bá ti kún díẹ̀, ẹrù á fúyẹ́ lọ́rùn alternator, ariwo á dákẹ́. Bẹ́líìtì ò tíì sàn o, ìnira ló dínkù.

Ìgbà tí ariwo bá ń wáyé ló ń júwe ibi tó ti ń wá. Tó bá jẹ́ pé ìgbà tí awakọ̀ bá yí ọwọ́ ọkọ̀ dé òpin níbi tó ti fẹ́ páàkì ló ń han, bẹ́líìtì steering ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Tó bá jẹ́ bí wọ́n bá ṣe tan AC ni, ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpírésọ̀ ni. Ẹ mú Camry ọdún 1998 tí ọ̀pọ̀ ń pè ní pencil light, èyí tó ní ẹ́ńjìnì 2.2. Bẹ́líìtì méjì ló wà níta ẹ́ńjìnì rẹ̀: ọ̀kan ń yí alternator àti kọ̀ǹpírésọ̀ AC, èkejì ń yí pọ́ǹpù steering. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń han nígbà tó bá ń yí ọwọ́ ọkọ̀, tó wá lọ pààrọ̀ bẹ́líìtì alternator, owó ló fi ṣòfò.

Ọ̀nà kan wà tí kò náni lówó láti dá ariwo mọ̀. Kí awakọ̀ wá ike tí wọ́n fi ń fín omi sáṣọ tí wọ́n bá ń lọ̀ ọ́. Kí ẹ́ńjìnì máa ṣiṣẹ́, kó dúró síbi tó jìnnà díẹ̀, kó fín omi sí ojú bẹ́líìtì tó ní ìlà. Tí ariwo bá tún le sí i, bẹ́líìtì ti dẹ̀ nìyẹn. Tó bá dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, tó tún padà wá, àfàìmọ̀ ni kò ní jẹ́ pé púlì kan ò tọ́ mọ́, àwọn púlì ò sí lórí ìlà kan náà. Tí omi ò bá yí ohunkóhun padà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bearing inú púlì tàbí inú alternator ló ti kú. Ẹni tó bá wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gbàgẹ̀rẹ̀, tàbí tó fi ìborùn kọ́rùn, kó má sún mọ́ ibẹ̀ rárá. Bẹ́líìtì tó ń yí kì í bọ̀wọ̀ fún ìka.

Lẹ́yìn èyí ni kí wọ́n pa ẹ́ńjìnì, kó tutù, kí wọ́n wá fojú wo bẹ́líìtì. Bó bá ń dán bíi dígí, tó sán, tàbí tí ìlà rẹ̀ kan ti já bọ́, pípààrọ̀ ló kù. Àmọ́ bẹ́líìtì òde òní kì í sábà sán. Ṣe ló máa ń jẹ díẹ̀díẹ̀ bíi táyà, ìlà rẹ̀ á sì jìn sínú. Kí wọ́n tún fọwọ́ kàn án bóyá ọ́ìlì wà lára rẹ̀. Ọ́ìlì tó ń jò láti òkè ẹ́ńjìnì tàbí láti rọ́bà steering máa ń ba bẹ́líìtì tuntun jẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Tí wọn ò bá kọ́kọ́ dí ibi tó ń jò, bí ẹni ń da omi sínú apẹ̀rẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ ọṣẹ àti àbẹ́là wá ńkọ́? Àwọn kan máa ń fi ọṣẹ líle tàbí àbẹ́là ra bẹ́líìtì, ariwo á sì dákẹ́ lóòótọ́. Kì í pẹ́ tó fi ń padà. Àwọn tó ń da gírísì tàbí omi bíréèkì sí i ló ń ṣe èyí tó burú jù, torí wọ́n ń jẹ́ kí bẹ́líìtì túbọ̀ máa yọ̀, rọ́bà rẹ̀ á sì máa bàjẹ́.

Tó bá jẹ́ dídẹ̀ nìkan ni, irú Camry yẹn ò ṣòro. Wọ́n á dẹ nọ́ọ̀tì tí alternator fi ń yí àti èyí tó dè é pa, wọ́n á yí nọ́ọ̀tì gígùn tó ń fà á títí bẹ́líìtì á fi le, wọ́n á sì dè wọ́n padà. Tí àtàǹpàkò bá tẹ àárín bẹ́líìtì níbi tó gùn jù, kó wọlé bíi ìdajì ínṣì, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibí yìí ni àwọn oníṣẹ́ kan ti ń ṣàṣejù. Wọ́n á fà á le gbagidi kí ariwo má baà wá mọ́, bearing alternator á sì jẹ ìyà rẹ̀. Bẹ́líìtì tuntun máa ń nà díẹ̀, nítorí náà kí wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan.

Corolla ọdún 2003 sí 2008 tó ní ẹ́ńjìnì 1.8 yàtọ̀. Bẹ́líìtì gígùn kan ṣoṣo ló ń yí gbogbo ẹ̀, títí kan water pump, irin kan tó ní sípíríìnì ló sì ń fà á le fúnra rẹ̀. Tí bẹ́líìtì tuntun bá ṣì ń han níbẹ̀, irin yẹn ni kí wọ́n yẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ water pump yìí sì ṣe kókó. Tí bẹ́líìtì Camry yẹn bá já, iná bátìrì á tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, awakọ̀ lè pa AC àti rédíò, kó fi ìwọ̀nba iná tó kù nínú bátìrì wá ibi tí iná wà. Tí ti Corolla bá já, omi ò ní yí ká ẹ́ńjìnì mọ́. Ẹni tó bá ní òun á rọra máa wà á délé á jó top gasket, owó yẹn sì ju ti bẹ́líìtì lọ fíìfíì.

Kí ẹ tó ra tuntun, ẹ mú ti àtijọ́ dání lọ sí Ládípọ̀ tàbí Gate Ìbàdàn. Nọ́ńbà wà lẹ́yìn rẹ̀: tí wọ́n bá kọ 6PK1870 sí i, ìlà mẹ́fà ló ní, gígùn rẹ̀ sì jẹ́ mìlímítà 1870. Ẹ má ra tòkunbọ̀, torí rọ́bà máa ń gbó bí wọn ò tiẹ̀ lò ó. Bí èyí tí wọ́n tú kò bá tíì sán, ẹ fi sínú búùtù pẹ̀lú sípánà tó bá nọ́ọ̀tì rẹ̀ mu.