Ṣé O Mọ Ohun Tí Fọ́máàtì Kì Í Pa Rẹ́?

Ṣé o mọ̀ pé bí wọ́n bá fọ́máàtì kọ̀ǹpútà rẹ láàárọ̀, tí wọ́n sì gbé Windows tuntun sí i, fọ́tò ìgbéyàwó rẹ ṣì lè wà nínú rẹ̀ lálẹ́? Fọ́máàtì kíákíá tí a sábà máa ń ṣe kì í nu fáìlì. Atọ́ka tó ń sọ ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan wà ló ń pa rẹ́. Lórí hard disk àtijọ́, èyí tí àwo rẹ̀ ń yí nínú, fáìlì á wà níbẹ̀ títí nǹkan mìíràn yóò fi gorí rẹ̀, irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ bíi PhotoRec sì lè hú u jáde. SSD, irú disk tí kò ní àwo tó ń yí, kò rí bẹ́ẹ̀. Windows a máa sọ fún un pé àyè náà ti ṣófo, òun fúnra rẹ̀ á sì gbá a mọ́. Nítorí náà, bí o bá ṣèèṣì fọ́máàtì hard disk, má fi ohunkóhun kún un kí o tó wá ẹni tó mọṣẹ́. Bí o bá sì fẹ́ tà á, fọ́máàtì kíákíá kò tó; ẹni tó rà á lè rí ìwé báńkì rẹ.

Ṣé o mọ ibi tó léwu jù nínú iṣẹ́ gbígbé Windows tuntun sí kọ̀ǹpútà? Ibi tí Windows ti béèrè inú disk tí òun máa wọ̀ ni. Ohun tí wàá sábà rí ni Disk 0, Disk 1 àti iye gígábáìtì wọn. Kò sí àwòrán, kò sí orúkọ ọmọ rẹ lára ìkankan. Hard disk àfikún tó o kó ẹrù rẹ pamọ́ sí á wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó o fẹ́ nù, bọ́tìnnì Delete kan náà ló sì ń ṣiṣẹ́ fún méjèèjì. Mo bẹ̀ ọ́, bí o bá ti kó ẹrù tán, fa wáyà rẹ̀ yọ, kí o gbé e sínú dúrọ́ọ̀ kó o tó bẹ̀rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé Windows 95, tó jáde ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 1995, gba floppy 13 fún ẹni tí kò ní ẹ̀rọ CD? Lónìí, fláàṣì 8 GB kan ti tó láti gbé Windows sí kọ̀ǹpútà.

Ṣé o mọ̀ pé o lè má nílò láti ra nọ́ńbà àṣẹ Windows tuntun? Láti ìgbà Windows 8, ní 2012, ni àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà ti ń kọ ọ́ sínú motherboard. Windows tuntun á kà á níbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ṣáà rí i pé irú kan náà lo gbé sí i: Home fún Home, Pro fún Pro.

Àmọ́ ohun búburú náà lè sápamọ́ sínú motherboard. Ní 2018, àwọn onímọ̀ iléeṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà ESET kéde LoJax, fáírọ́ọ̀sì tó ń gbé inú ṣíìpù tó ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó dé. Bí o bá fọ́máàtì, tí o tilẹ̀ pààrọ̀ hard disk, kò ní kúrò. Irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Àwọn iléeṣẹ́ ìjọba kan ní Yúróòpù ni wọ́n dojú rẹ̀ kọ. Fáírọ́ọ̀sì tí à ń kó kiri lórí fláàṣì ní tiwa ń bá fọ́máàtì lọ.

Ṣé o sì mọ̀ pé kíbọ́ọ̀dù Yorùbá wà nínú Windows látilẹ̀? Wọ Settings, lọ sí ibi èdè, kí o wá Yoruba. Wàá rí ẹ, ọ àti ṣ tẹ̀ láìda ohunkóhun wálẹ̀ láti ibòmíràn. Kọ̀ǹpútà rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ di tuntun. Fi kíbọ́ọ̀dù náà sí i lónìí.