Ẹ̀jẹ̀ kì í gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kọjá: Iṣẹ́ ńlá lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe áàpù ìlera láti ilé

Bí wọ́n bá sọ fún bàbá kan ní Mushin lónìí pé ọmọ kan kì í jáde nílé, síbẹ̀ tó ń gbowó oṣù, Yàhúù ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Ẹ ò lè bá a wí. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà nídìí kọ̀ǹpútà yẹn tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n ṣe làwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà fi ń du ẹ̀mí.

Ẹ wo LifeBank tí Temie Giwa-Tubosun dá sílẹ̀ lọ́dún 2016, ní CcHub, Yaba, níbi tí Mark Zuckerberg tó ni Facebook ṣàbẹ̀wò sí lóṣù kẹjọ ọdún náà. Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ló ká obìnrin yìí lára. Aláboyún á bímọ tán, ẹ̀jẹ̀ á máa dà, dókítà á ní kí ọkọ lọ wá ẹ̀jẹ̀ wá. Ọkọ á sáré láti Mushin dé Surulere, kò ní í rí, bẹ́ẹ̀ irú ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún lè wà nínú fíríìjì níbòmíì, wọn ò kàn mọ̀ ni. LifeBank wá ń fi kọ̀ǹpútà mọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ wà, ọsibítù á béèrè, alùpùpù á gbé e lọ nínú àpótí tútù.

Ẹni tó ń ya ojú irú áàpù bẹ́ẹ̀ lè wà nílé ẹ̀ ní Surulere, ó sì lè wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Àmọ́ bí ibi tí wọ́n ti ń yan irú ẹ̀jẹ̀ bá rú èèyàn lójú, nọ́ọ̀sì tó ti rẹ̀ lóru lè ṣì í tẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tí kò bára mu sì lè pa aláìsàn. Bí iná bá lọ tàbí tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì já, ohun tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ kò gbọdọ̀ pòórá. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa yọjú sí wọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Nígbà kónílé-ó-gbélé Kòrónà ọdún 2020, àwọn oníkọ̀ǹpútà ráyè jókòó sílé. Ẹni tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ kiri kò ráyè bẹ́ẹ̀.

Àwa yòókù náà níṣẹ́ tiwa. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà kì í lò ju bí ọ̀sẹ̀ 5 sí 6 lọ nínú fíríìjì, kò sì sí áàpù tó lè rí èyí tí ẹnì kankan ò fi sílẹ̀.