Àwọn Ọ̀mọ̀ràn Irin Àjèjì Ara Giramafóònù Àtijọ́

Ẹgbẹ́ kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1919, tí a ń pè ní City of London Phonograph and Gramophone Society, níbi tí àwọn tí ọkàn wọn fà sí ẹ̀rọ ohùn àtijọ́ ti ń pàdé, tí wọ́n ń yẹ ẹ̀rọ ara wọn wò, tí wọ́n sì ń kọ ohun tí wọ́n bá rí sílẹ̀. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ wà ní Michigan àti California pẹ̀lú. Ẹni tí kò mọ inú ọ̀rọ̀ lè pè é ní eré ọwọ́-dilẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ olóògbé bá ṣí àpótí giramafóònù bàbá rẹ̀, tí ó bá irin kan níbẹ̀ tí kò sí nínú ìwé tí ilé-iṣẹ́ tẹ̀ jáde, irú wọn náà ni yóò wá lọ. Ọ̀mọ̀ràn ní í mọ oyún ìgbín.

Ìjà àwọn oníṣòwò ló gbé ọ̀pọ̀ irin wọ̀nyí dé ara ẹ̀rọ, ẹni tó ra ẹ̀rọ ló sì san owó ìjà náà. Thomas Edison, alágbẹ̀dẹ ọgbọ́n tí ó há ohùn ènìyàn mọ́lẹ̀ ní ọdún 1877 tí ohùn kò rí ibi sá sí, ti ta ẹ̀rọ sílíńdà ìda fún ayé gbọ́, sílíńdà kọ̀ọ̀kan sì ń kọrin fún ìṣẹ́jú méjì. Nígbà tí ó wá di ọdún 1908, ó gbé Amberol jáde, tí ó ń kọrin fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, nítorí pé ìlà 200 ni a fín sínú íǹṣì kan níbi tí 100 wà tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ tó ti wà nílé oníbàárà kò lè kọ ọ́, orí rẹ̀, níbi tí òkúta tí ń tẹ̀lé ìlà bí abẹ́rẹ́ wà, a máa sáré ju ìlà lọ. Ni ilé-iṣẹ́ Edison bá tún ń ta àwọn jíà kékeré tí a lè dè mọ́ ẹ̀rọ àtijọ́, tí yóò mú kí orí ẹ̀rọ máa rìn ní ìdajì eré rẹ̀.

Irú jíà bẹ́ẹ̀ ni ọ̀mọ̀ràn ń wò fínnífínní. Bí ihò ìdè rẹ̀ bá la ìlà ọ̀dà aláwọ̀ wúrà ara ẹ̀rọ kọjá, a jẹ́ pé lẹ́yìn tí ẹ̀rọ ti kúrò ní ilé-iṣẹ́ ni a dè é mọ́ ọn. Ẹyẹ kì í sì í fi apá kan fò: jíà ìṣẹ́jú mẹ́rin kò wúlò láìsí orí tí òkúta rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó láti wọ ìlà tuntun náà, irú Model H, tàbí Model K tí ó ní òkúta méjì tí a ń yí padà. Bí jíà bá wà tí orí ti sọnù, ọ̀mọ̀ràn ti mọ ohun tó yẹ kó máa wá.

Ìjà kejì le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwo pẹlẹbẹ tí Edison gbé jáde ní ọdún 1912 ń mú abẹ́rẹ́ fò sókè-sódò, nígbà tí àwo ilé-iṣẹ́ Victor ń mú un mì sọ́tùn-ún sósì, ọ̀kan kò sì gbọ́ èdè èkejì. Ilé-iṣẹ́ Kent wá ṣe apá kan tí ó jẹ́ kí ẹ̀rọ Edison lè kọ àwo àwọn abanidíje rẹ̀. Ẹ ronú sí i: àwo Zonophone tí Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti kọ orin Yorùbá sí ní London ní àwọn ọdún 1920, irú abẹ́rẹ́ tí ń mì sọ́tùn-ún sósì ni ó fẹ́. Ẹni tí ẹ̀rọ Edison bá wà nílé rẹ̀ kò lè gbọ́ ohùn Àlùfáà láìsí irú apá bẹ́ẹ̀.

Ní ti ọjọ́ orí, nọ́ńbà àti déètì ìwé-ẹ̀tọ́ tí a fín sára irin ni a kọ́kọ́ ń wò. Irin tí déètì rẹ̀ bọ́ sí ẹ̀yìn ọdún tí a ṣe ẹ̀rọ kò bá a wá láti ilé-iṣẹ́. Bí irọ́ bá sì lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá: àwọn ayédèrú tí a ń kàn pọ̀ ní Íńdíà, pẹ̀lú ìwo idẹ tí ń kọ mànà àti àwòrán ajá His Master's Voice, kì í pẹ́ tú lójú àwọn ọ̀mọ̀ràn. (Ajá náà pàápàá kò ṣàì ní àlẹ̀mọ́: ẹ̀rọ sílíńdà ni ayàwòrán Francis Barraud kọ́kọ́ yà síwájú rẹ̀, kí ilé-iṣẹ́ tó rà á tó ní kí ó kun giramafóònù lé e lórí ní 1899.)

Ohun tí àwọn ọ̀mọ̀ràn kò tíì fẹnu kò lé lórí ni bóyá kí a yọ irin tí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ kúrò, kí ẹ̀rọ lè padà sí bí a ti bí i. Èmi kò fara mọ́ ọn, nítorí ẹni tó fi owó ara rẹ̀ ra jíà ní ọdún 1909 wà nínú ìtàn ẹ̀rọ náà bí Edison ti wà. Èyí tó ṣòro ni ọmọlangidi onígi tí wọ́n ń pè ní Ragtime Rastus, ère aláwọ̀ dúdú tí a ń gbé ka àárín àwo ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà kí ó lè máa jó bí àwo ti ń yí, tí àwọn olùkójọ sì ń fi owó gọbọi rà títí di òní. Ẹ má ṣe sọ ọ́ nù, ẹ má sì ṣe fi ẹ̀rín bò ó. Ẹ kọ orúkọ tí wọ́n fi pè é, bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, àti àwọn tí wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́, sórí páálí àlàyé kan náà.