Ìwé Ọba Obìnrin Hawaii

Àwọn kan ń fojú tín-ínrín ìwé tí Liliuokalani, ọba obìnrin Hawaii tí a rọ̀ lóyè ní 1893, tẹ̀ jáde ní 1898. Wọ́n ní ẹjọ́ ara rẹ̀ ni ó ń rò. Òótọ́ ni: ó ń ṣìpẹ̀ kí Amẹ́ríkà má ṣe gba ilẹ̀ rẹ̀, ọdún náà gan-an ni wọ́n sì gbà á. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ka kìkì ìwé tí ó fi kọ oyè sílẹ̀ ní January 1895 yóò rò pé tìfẹ́tìfẹ́ ni. Ìwé tirẹ̀ ni ó sọ fún wa pé inú àtìmọ́lé ni ó ti fọwọ́ sí i, kí a má baà pa àwọn ènìyàn rẹ̀, àti pé orúkọ tí wọ́n ní kí ó kọ, Liliuokalani Dominis, kì í ṣe orúkọ rẹ̀ rárá.